Agbẹnusọ Inú Ilé: Ìtàn Ìtọ́jú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Ẹnu láàrin Tọkọtaya, 1893 sí 2013

Ìfáárà

Agbẹnusọ ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ní ipò ẹlòmíràn. Ó gba ẹnu onítọ̀hún, ó sì fi í sọ̀rọ̀. A mọ agbẹnusọ ọba, a mọ agbẹnusọ ẹgbẹ́, a sì mọ agbẹnusọ ìjọba tí ó máa ń bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, agbẹnusọ mìíràn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn òpìtàn kì í sábà kà sí. Òun ni ọkọ tàbí aya ẹni tí jẹjẹrẹ ti gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ń ka ìtàn àrùn yìí, orúkọ oníṣẹ́ abẹ ni yóò kọ́kọ́ hàn, ti aláìsàn yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ń lọ oúnjẹ kúnná, tí ó ń fọ ọgbẹ́, tí ó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í gbà ju ìlà méjì mẹ́ta lọ.

A kì í ṣe oníṣègùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ wa. Ohun tí ó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé jẹjẹrẹ ahọ́n mú bàbá àwọn ọmọ wa. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá, wọ́n sì fi ìtọ́jú onítànṣán tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ tí a kúrò ní ilé ìwòsàn, dókítà bọ̀ wá lọ́wọ́, ó ní jẹjẹrẹ ti lọ. A dúpẹ́, a sunkún ayọ̀, a wọ ọkọ̀ padà sí Òkè Ọya níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Kò pé oṣù kan tí a fi mọ̀ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Itọ́ gbẹ pátápátá ní ẹnu bàbá. Ẹnu kò lè là ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Omi lásán ń pá wọn lórí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ, àwa nìkan ni a ń gbọ́ ọ, nígbà mìíràn àwa gan-an kò gbọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ilé ìwòsàn náà tí ó mú wa jókòó kí ó sọ fún wa pé báyìí ni yóò rí.

Àlejò kan wá kí wa láti ilé. Nígbà tí ó rí bí nǹkan ṣe rí, ó mi orí, ó sì pa òwe pé àìmẹ́nu, àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bóyá kò ní in lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nínú èrò àwọn ènìyàn wa, ẹnu tí ó bàjẹ́ ti ní láti jẹ́ ẹnu tí ó ti ṣẹ̀ ẹnìkan, ìyẹn ni pé ó purọ́ tàbí ó bú àgbà. Òwe yẹn wọ̀ wá lára ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá àwọn tí ó ti rìn ní ọ̀nà yìí ṣáájú wa kiri nínú ìwé. Àwọn tí ìtàn wọn kún jù ni àwọn gbajúmọ̀ ìlú òkèèrè tí dókítà wọn àti àwọn ẹbí wọn fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ni a yàn: Ààrẹ kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Vienna, àti akọ̀ròyìn kan ní ìlú Chicago.

Làkúrègbé Ààrẹ

Ní oṣù kẹfà ọdún 1893, Grover Cleveland, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní kí dókítà wo ibì kan tí ó le, tí ó sì ń dùn ún ní àjà ẹnu rẹ̀ lápá òsì. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò dára. Ẹni ọdún 56 ni nígbà náà. Ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń wó lọ́wọ́, àwọn báǹkì ń ti ilẹ̀kùn, ìjà lórí owó wúrà àti owó fàdákà sì ti gba ìlú kan. Ó gbà pé bí ìlú bá gbọ́ pé Ààrẹ ní jẹjẹrẹ, ìbẹ̀rù yóò ba ohun tí ó kù jẹ́. Nítorí náà wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní ìkọ̀kọ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oneida. Joseph Bryant ni ó ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ, W. W. Keen láti Philadelphia wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n yọ eyín márùn-ún àti apá ńlá lára egungun párì òkè lápá òsì. Inú ẹnu ni wọ́n gbà ṣe gbogbo rẹ̀ kí àpá má baà hàn ní ojú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù náà, wọ́n tún padà sínú ọkọ̀ láti gé ohun tí wọ́n fura sí pé ó ṣẹ́kù.

Gbogbo ìwé tí ó sọ ìtàn yìí ni ó ń yin ọgbọ́n àwọn dókítà, ó sì tọ́ kí wọ́n yìn wọ́n. Ẹni tí àwa ń wò ni Frances, ìyàwó Ààrẹ. Ọdún 1886 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó, nínú ilé ìjọba gan-an. Ẹni ọdún 21 ni ìyàwó nígbà náà, ọkọ sì jẹ́ ẹni ọdún 49. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yìí, Frances kò tíì pé ọdún 29. Ó wà ní ilé ìsinmi wọn tí à ń pè ní Gray Gables ní etí òkun Massachusetts. Ruth ọmọ wọn kò tíì pé ọdún méjì, oyún mìíràn sì ti tó bí oṣù méje nínú rẹ̀. Ó wà lára ìwọ̀nba ènìyàn tí ó mọ òtítọ́. Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn ti pé jọ sí àgbègbè náà. Ohun tí a sọ fún wọn ni pé làkúrègbé ni ó ń da Ààrẹ láàmú, àti pé wọ́n yọ eyín fún un.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó wà nínú ilé yẹn. Ọkùnrin tí ó ń ṣe àkóso orílẹ̀-èdè kò lè sọ gbólóhùn kan kí ènìyàn gbọ́ ọ, nítorí ihò tí ó wà láàrin ẹnu àti imú. Bí ènìyàn bá mu omi ní irú ipò bẹ́ẹ̀, imú ni omi lè gbà jáde. Oníṣègùn eyín kan láti New York, Kasson Gibson, wá ṣe àjà ẹnu onírọ́bà fún un. Nígbà tí ó fi í sí ẹnu, ohùn rẹ̀ padà wá. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ó ṣí ìpàdé ńlá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Washington, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni Frances bí Esther.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, akọ̀ròyìn E. J. Edwards tú àṣírí náà nínú ìwé ìròyìn kan ní Philadelphia. Wọ́n pè é ní òpùrọ́, àbùkù náà sì wà lára rẹ̀ fún ọdún 24, títí Keen fi kọ òtítọ́ jáde ní 1917. Cleveland ti kú ní 1908, jẹjẹrẹ náà kò sì padà. Frances wà láyé di ọdún 1947.

Ohun tí ó mú wa dúró sí orí ìtàn yìí ni irọ́ làkúrègbé yẹn. Irú irọ́ kan náà ni a pa. Ọ̀pọ̀ oṣù ni a fi ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ibi iṣẹ́ pé eyín ni ó ń yọ bàbá lẹ́nu. Àwọn òpìtàn máa ń jiyàn lórí bóyá Ààrẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ará ìlú. Àríyànjiyàn tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé irọ́ náà lójoojúmọ́ ni ẹni tí ó ń dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò lè bèèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò nítorí pé kò sí ohun tí ó ń ṣe ọkọ rẹ̀ ní ojú ayé. Nígbà tí a sọ òtítọ́ níkẹyìn, ìyá Haúsá kan tí ilé wa súnmọ́ ara ni ó kọ́kọ́ wá. Kò pa òwe kankan. Kúnú ni ó gbé wá, ó ki, ó sì tutù, bàbá sì mu ún tán láìpá wọn lórí. Ọjọ́ yẹn ni a mọ̀ pé ohun tí ó ki rọrùn láti gbé mì ju omi lọ fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Bí a bá tètè sọ òtítọ́, a kò bá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ní Vienna

Nínú ọdún 1886 kan náà tí Frances wọ ilé ọkọ, Sigmund Freud fẹ́ Martha Bernays. Freud ni dókítà tí ó dá ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ó farasin nínú ọkàn ènìyàn sílẹ̀. Sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1923 ó rí nǹkan funfun kan nínú ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún, ní oṣù kẹrin ó sì lọ gé e ní ilé ìwòsàn kan láì sọ fún àwọn ará ilé. Ó rò pé òun yóò padà sílé ní ọjọ́ náà.

Ernest Jones tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìpè dé sílé pé kí wọ́n kó àwọn nǹkan tí yóò fi sùn wá. Martha àti Anna, àbígbẹ̀yìn wọn, sáré dé ibẹ̀. Orí àga ilé ìdáná ni wọ́n ti bá a, ẹ̀jẹ̀ ti bo aṣọ rẹ̀. Kò sí yàrá. Wọ́n wá fi í sí yàrá kékeré kan pẹ̀lú aràrá kan tí òun náà ń gba ìtọ́jú. Nígbà tí ó di ọ̀sán, wọ́n lé ìyá àti ọmọ lọ sílé, nítorí pé àkókò àlejò ti kọjá. Ẹ̀yìn wọn ni ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Freud kò lè pariwo, aago tí a fi ń pe nọ́ọ̀sì sì ti bàjẹ́. Aràrá yẹn ni ó sáré jáde lọ pe ènìyàn. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ibẹ̀ ni Freud ìbá kú sí. Nígbà tí wọ́n padà dé, Anna kọ̀ láti lọ mọ́. Ó jókòó tì í di òwúrọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Hans Pichler ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá, ó gé párì òkè àti àjà ẹnu lápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà títí tí Freud fi kú, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un lé ní ọgbọ̀n. Ó ní àjà ẹnu àtọwọ́dá tí ó ní láti máa wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó lè jẹun tàbí sọ̀rọ̀. Bí ó bá lẹ̀ dáadáa, ó ń dá egbò sí i lẹ́nu. Bí kò bá lẹ̀, kò wúlò. Inú ilé, wọ́n ń pè é ní ẹ̀dá abàmì. Ẹnu Freud kò là dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ kan òun àti Anna fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jà láti fi í padà sí àyè rẹ̀, wọn kò rí i ṣe, àfi ìgbà tí wọ́n pe dókítà. Etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, ó sì di ẹni tí kì í fẹ́ jẹun lójú ènìyàn.

Freud kò gba nọ́ọ̀sì mìíràn ju Anna lọ. Wọ́n jọ ṣe àdéhùn pé Anna kò gbọdọ̀ fi àánú tàbí ìbànújẹ́ hàn. Kí ó ṣe ohun tí ó bá yẹ bí oníṣẹ́ abẹ ṣe ń ṣe é. Àdéhùn yìí ni àwọn òpìtàn fẹ́ràn láti sọ. Martha wá dà? Òun ni ó ń ṣe àkóso ilé náà, ilé tí àwọn aláìsàn ọkọ rẹ̀ ń wọ̀, tí wọ́n ń jáde lójoojúmọ́, tí oúnjẹ sì ní láti jẹ́ èyí tí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àìsàn yìí, lẹ́yìn ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ó ti jáde kúrò nínú yàrá.

Ibí yìí ni a ti rí ara wa jù. Bàbá kò jẹ́ kí a fọ ẹnu àwọn. Ọmọ wa ọkùnrin ni wọ́n gbà fún. Ó dùn wá. A rò pé bóyá wọ́n kò fọkàn tán wa, bóyá òórùn tí ń jáde níbẹ̀ ni wọn kò fẹ́ kí a gbọ́. Ìtàn Freud ni ó jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé ẹni tí ó ti pàdánù ẹnu lè fẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo ṣẹ́kù tí yóò máa wo òun bí ọkọ, tí kì yóò máa wo òun bí ọgbẹ́. A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bí ó ṣe rí fún Martha nìyẹn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1938, nígbà tí ìjọba Hitler ti gba Austria, Freud tí ó jẹ́ Júù sá lọ sí London pẹ̀lú Martha àti Anna. Àìsàn náà bá wọn lọ. Pichler wá láti Vienna ní oṣù kẹsàn-án láti tún ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọdún 1939 egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń jẹrà, òórùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ajá tí ó fẹ́ràn kì í súnmọ́ ọn mọ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n fi bo ibùsùn nítorí eṣinṣin. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án. Martha lo ọdún méjìlá sí i.

Ohùn tí Chicago gbọ́

Ìtàn kẹta yàtọ̀, nítorí pé aláìsàn náà sọ orúkọ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ayé. Roger Ebert jẹ́ lámèyítọ́ sinimá fún ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times láti 1967, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1975. Ní 1992, nígbà tí ó pé ẹni 50 ọdún, ó fẹ́ Chaz, agbẹjọ́rò kan tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní 2002 wọ́n rí jẹjẹrẹ ní ọrùn rẹ̀; ní 2003 wọ́n rí i nínú àwọn ẹ̀ṣẹ́ tí ń pèsè itọ́, wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Ó padà wá sí párì rẹ̀, wọ́n sì gé e ní oṣù kẹfà ọdún 2006.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, tọkọtaya náà ti di ẹrù wọn láti kúrò ní ilé ìwòsàn. Ebert ní kí wọ́n dúró gbọ́ orin Leonard Cohen kan sí i. Orin náà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn rẹ̀ bẹ́. Ìtànṣán ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Ìtànṣán tí ń pa jẹjẹrẹ lè gbẹ itọ́, ó lè mú kí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ le gbagidi, ó sì lè ba egungun àti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù tàbí ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ènìyàn rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Bí wọ́n bá ti wà nínú mọ́tò ni, ẹ̀jẹ̀ ìbá ti tán lára rẹ̀.

Wọ́n gba ẹran láti ibòmíràn lára rẹ̀ láti fi tún párì rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta; kò dúró. Ó pinnu pé òun kò ní ṣe òmíràn mọ́. Kò jẹun mọ́, kò mu mọ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Rọ́bà tí wọ́n fi sí ikùn rẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà wọlé. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìwé, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó sì ní ohùn kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, ó dúró níwájú èrò níbi àpérò TED. Chaz wà lára àwọn tí ó ka ọ̀rọ̀ tí ó kọ fún wọn. Fíìmù tí Steve James ṣe nípa rẹ̀, tí ó jáde ní 2014, kò fi iṣẹ́ inú yàrá pamọ́: a rí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fa ohun tí ó dí ọ̀fun rẹ̀ jáde, a rí Chaz lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a rí i nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ àti nígbà tí wọ́n jọ ń jiyàn. Ebert kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 2013.

Owó wà lọ́wọ́ Ebert, òkìkí náà sì wà. A kò gbàgbé ìyẹn. Nọ́ọ̀sì kò wá sí ilé tiwa. Àmọ́ ọ̀nà tí Chaz gbà ka ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni a kọ́ lára rẹ̀. Ó ka ohun tí ọkọ kọ bí ọkọ ṣe kọ ọ́. Àwa ní tiwa ti di ẹni tí ń dá bàbá lóhùn kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀. Dókítà yóò bi wọ́n léèrè, àwa ni yóò fèsì. Àbúrò wọn yóò pè lórí fóònù, a ó sọ pé bàbá ní a dúpẹ́, nígbà tí bàbá kò tíì sọ ohunkóhun.

Ilé wa ní àkókò yìí

Ó di ọdún kẹta báyìí. A ń to àwọn igi pẹlẹbẹ tí dókítà fi ń tẹ ahọ́n léra wọn, bàbá yóò sì fi wọ́n há ẹnu fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè nà. Igi mẹ́fà ni a fi bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlá ni ó ń gbà báyìí. Omi gbígbóná díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ ni wọ́n fi ń fọ ẹnu. Àmàlà tí ó rọ̀ pẹ̀lú ewédú ń lọ, bí kò bá ti sí ata nínú ọbẹ̀. Iyán kò tíì ṣeé ṣe.

A fún bàbá ní iṣẹ́ yìí kà kí a tó fi ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kà á. Wọ́n fa ìlà sí abẹ́ ibi tí a ti kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé jẹjẹrẹ gba ẹnu lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé ẹnu àwọn wà níbẹ̀, pé ohun tí ó ń lọ́ra ni etí àwọn ènìyàn. A fi gbólóhùn wa sílẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́, a sì ṣe àkọsílẹ̀ àtúnṣe tiwọn síbí. Nígbà tí àbúrò wọn pè ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, a gbé fóònù náà lé bàbá lọ́wọ́, a sì lọ sí ilé ìdáná.